Argungu: Ìlú etídò tó ń fi ẹja pípa rántí òpin ogun

Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sínú odò Matan Fada tó wà létí ìlú Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Ẹja inú rẹ̀ ń tóbi, ẹyẹ ń bà lé orí omi, àwọn apẹja tí ilé wọn kò jìnnà sí odò náà ń rí i, wọ́n sì ń kọjá lọ. Tó bá wá di àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, láàrin ìparí oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ọjọ́ kan á pé. Ìbọn á dún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin á sì sáré bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí kan péré ni wọ́n ní.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa Argungu nìyẹn: àwòrán omi tó kún fún orí èèyàn, àwọ̀n àti akèrègbè, tí a máa ń rí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti lórí kàlẹ́ńdà. Àmọ́ ìtàn ogun, ìsáǹsá àti ìparí ìjà ló wà lẹ́yìn eré tí wọ́n ń ṣe nínú omi yìí. Òfin tó le nípa bí èèyàn ṣe gbọdọ̀ lo omi náà wà níbẹ̀, òfin tí dáàmù, àyípadà ojú ọjọ́ àti àwọn agbébọn ti ń dán wò láti bíi ogójì ọdún sẹ́yìn.

Níbo ni Argungu wà?

Ojú ọ̀nà tó lọ láti Sokoto sí Birnin Kebbi, olú ìlú ìpínlẹ̀ Kebbi, ni èèyàn á ti bá Argungu pàdé. Ìlú kékeré ni, tí a bá fi wé àwọn méjì tó wà ní òpin ọ̀nà náà. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Sokoto ló wà títí di ọdún 1991, nígbà tí ìjọba ológun dá Kebbi dúró gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀. Ibodè Nàìjíríà pẹ̀lú Niger àti Benin kò jìnnà sí agbègbè náà, ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja àti àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè méjèèjì fi máa ń wá síbẹ̀ nígbà ọdún.

Rima lorúkọ odò tó ṣàn kọjá níbẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní odò Sokoto, àwọn mìíràn ń pè é ní odò Kebbi, nítorí pé odò Rima àti odò Sokoto pàdé ara wọn nítòsí ìlú Sokoto kí wọ́n tó jọ máa ṣàn lọ sí ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Omi náà á gba Argungu kọjá, á gba Birnin Kebbi, kí ó tó lọ dà sínú Odò Ọya.

Ẹni tó bá mọ odò Ògùn tàbí Ọ̀ṣun, tó ń gba àárín igbó kọjá, máa rí i pé odò yìí yàtọ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní fadama. Tí òjò bá ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, odò á kún, á sì bo fadama mọ́lẹ̀. Ẹja á tẹ̀lé omi jáde, wọ́n á yé ẹyin sáàárín koríko, àwọn ọmọ wọn á sì máa jẹ níbẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, omi á fà padà. Ibi tó bá jìn nínú ilẹ̀ náà á dá omi dúró bí adágún, àwọn ẹja ńlá á sì há síbẹ̀. Matan Fada, Mala àti Gamji tí orúkọ wọn so mọ́ ọdún ẹja Argungu jẹ́ ara omi wọ̀nyí. Ní èdè Hausa, "matan fada" túmọ̀ sí àwọn obìnrin ààfin.

Lórí irú ilẹ̀ fadama yìí náà ni wọ́n ti ń gbin ìrẹsì àti àlùbọ́sà. Ará Èkó tó bá rántí "Lake Rice", ìrẹsì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ti Kebbi jọ gbé jáde nígbà ọdún Kérésìmesì 2016, ti jẹ nínú èrè àkúnya omi Kebbi láìfura.

Kí ni Argungu ṣe di ìlú?

Kò sẹ́ni tó lè sọ ìtàn Argungu láì dárúkọ Kanta. Jagunjagun lábẹ́ Askia Muhammad, ọba Songhai, ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìtàn sọ pé lẹ́yìn ogun tí wọ́n lọ jà ní Agades, èdè-àìyedè bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa pín ìkógun. Kanta bínú ya kúrò, ó ṣẹ́gun àwọn tí Askia rán tẹ̀lé e, ó sì dá ìjọba Kebbi sílẹ̀. Surame ni olú ìlú rẹ̀. Àwókù ògiri òkúta Surame ṣì wà di òní ní ìpínlẹ̀ Sokoto, ó sì wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ti forúkọ wọn sílẹ̀ fún àyẹ̀wò UNESCO láti di ibi àjogúnbá ayé.

Kebbi lágbára fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí ogun jíhàádì Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804 ni nǹkan yí padà. Ní 1805, àwọn ọmọ ogun jíhàádì gba Birnin Kebbi, ọba Kebbi tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, Muhammadu Hodi, sì sá jáde. Ó sá lóòótọ́, àmọ́ kò túúbá. Láti abúlé kan sí òmíràn lẹ́bàá odò ni òun àti àwọn tó kù pẹ̀lú rẹ̀ ti ń jà.

Òǹkàwé Yorùbá kò ṣàjèjì sí apá kan nínú ìtàn yìí. Abdullahi, àbúrò Usman dan Fodio, ni wọ́n fi apá ìwọ̀ oòrùn ìjọba tuntun náà lé lọ́wọ́, Gwandu tí kò jìnnà sí Argungu ló sì di ibùjókòó rẹ̀. Abẹ́ Gwandu yìí ni wọ́n fi Nupe àti Ìlọrin sí. Ní àwọn ọdún tí ogun Ìlọrin ń wọ ilẹ̀ Yorùbá, kí Ìbàdàn tó dá wọn dúró ní Òṣogbo ní 1840, àwọn èèyàn Kebbi náà ń bá ìjọba kan náà jà, àmọ́ ní tiwọn, ẹnu ọ̀nà Gwandu gan-an ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn Hodi, Samaila Karari ló kó àwọn tó ṣẹ́kù jọ sí Argungu. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ládùúgbò náà so orúkọ ìlú mọ́ ọ̀rọ̀ Hausa náà, "gungu", tó túmọ̀ sí àgbájọ èèyàn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe wáyé tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu: àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé ló wá tún ara wọn kó jọ sétí omi. Odò àti àbàtà jẹ́ odi fún wọn, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹṣin, tó jẹ́ agbára ogun jíhàádì, kì í rìn dáadáa nínú ẹrẹ̀. Ẹja náà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá dáná sun oko rẹ̀.

Wọ́n pa Karari ní 1831. Ọmọ rẹ̀, Yakubu Nabame, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Sokoto lábẹ́ ìṣọ́ àwọn tó ṣẹ́gun bàbá rẹ̀, kí wọ́n tó gbà kó padà sílé. Ní 1849, ó kéde ara rẹ̀ ní ọba Kebbi, ogun sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì náà, Heinrich Barth, gba agbègbè náà kọjá ní 1853, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí ìbẹ̀rù ogun ṣe gba gbogbo ọ̀nà kan.

Wọ́n gbìyànjú àlàáfíà. Ní àwọn ọdún 1860, nígbà ọba Abdullahi Toga, Kebbi àti Sokoto ṣe àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Lafiyar Toga, ìyẹn àlàáfíà Toga. Kò tó ọdún mẹ́wàá tó fi fọ́. Ọba Sama'ila tó gorí ìtẹ́ ní 1883 wá di ẹni tí àwọn abúlé tó wà lábẹ́ Sokoto àti Gwandu ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ń sá. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo agbègbè náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ni idà tó padà sínú àkọ̀. Tí a bá kà á láti 1805, bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni.

Ọdún 1934: àlejò tí wọn ò retí

Òpin ogun kò túmọ̀ sí òpin ìkùnsínú. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, kí Sultan Sokoto, Hassan dan Mu'azu, tó wá kí Argungu ní 1934. Ìran Usman dan Fodio ni Sultan náà. Nínú àwọn àgbàlagbà tó jáde láti pàdé rẹ̀, kò ní ṣàì sí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú sójú ogun Sokoto.

Kí ni wọ́n máa fi gba irú àlejò bẹ́ẹ̀? Ẹṣin gígùn wà, gbogbo ilẹ̀ Hausa ló mọ̀ ọ́n. Argungu kó o lọ sétí odò. Wọ́n pe àwọn apẹja láti abúlé gbogbo, wọ́n ṣí omi tí wọ́n ti tì pa, wọ́n sì pẹja níwájú rẹ̀. Ibi tí àwọn bàbá wọn sá sí nígbà tí àwọn bàbá Sultan ń lé wọn ni wọ́n wá tẹ́ ìjókòó sí fún un. Lójú tèmi, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu tó lè sọ ju ìyẹn lọ.

Kì í ṣe ọdún yẹn ni ẹja pípa ní àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lágbègbè náà o. Ó ti wà tipẹ́, pẹ̀lú ètùtù odò àti àdúrà fún ìkórè, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé Sultan kan máa wá. Ohun tí 1934 ṣe ni pé ó sọ ọ́ di ọdún tí ọba ń pe ọba sí. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, Yakubu Gowon, àti Ààrẹ Niger, Hamani Diori, ti jókòó síbẹ̀ wòran.

Ẹni tó bá fẹ́ rí apá ogun nínú ìtàn náà lè lọ sí Kanta Museum láàrin ìlú. Ààfin ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Ọba kó kúrò níbẹ̀ ní 1942, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1958. Ọ̀kọ̀, idà, ọfà, oògùn ogun àti ìlù ló kún inú rẹ̀.

Ta ló ń ṣọ́ omi?

Ọba Argungu ló ni ìlú, àmọ́ omi ní ọba tirẹ̀. Sarkin Ruwa ni wọ́n ń pè é: "sarki" ni ọba, "ruwa" sì ni omi. Ìdílé kan ló ń jẹ oyè náà. Ìdílé mìíràn, tí oyè tiwọn ń jẹ́ Homa, ni igbákejì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi. Iṣẹ́ wọn ni láti mójútó ìmọ́tótó odò, láti rí i pé ẹnikẹ́ni kò pẹja nínú omi tí wọ́n tì pa, àti láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí wọ́n ṣe ń pẹja, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irinṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ẹja wà. Kò sí ìwé níbẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, etídò ni wọ́n sì ti ń fi hàn.

Òfin ìtìpa yìí ni mo rò pé ó yẹ kí òǹkàwé dúró lé lórí díẹ̀. Ní ibi tí ebi kò jìnnà, tí ẹja sì jẹ́ owó àti oúnjẹ, odidi ìlú gbà pé apá kan odò wọn máa sinmi títí ọjọ́ tí wọ́n dá fi máa pé. Ẹja tó bá wà nínú rẹ̀ á ráyè dàgbà, á ráyè bímọ. Ìṣọ́ olóyè àti ìtìjú lójú ẹbí àti aládùúgbò ló ń mú òfin náà dúró. Àwọn onímọ̀ ìṣàkóso ẹja kárí ayé ń dámọ̀ràn irú ìtìpa bẹ́ẹ̀ lónìí fún òkun àti adágún tí ẹja wọn ti ń tán.

Nígbà tí UNESCO fi ọdún Argungu sínú ìwé àjogúnbá àṣà aláìṣeéfọwọ́kàn ti gbogbo ayé ní 2016, ipa àwọn ìdílé méjì yìí wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Inú ìwé kan náà ni Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pẹja náà?

Irinṣẹ́ ìbílẹ̀ nìkan ni òfin gbà. Kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, kò sí ìwọ̀ olókùn gígùn. Apẹja máa ń mú àwọ̀n ọlọ́wọ́ méjì tó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ, tó lè ṣí, tó sì lè pa dé, àti akèrègbè ràgàjì kan tí àwọn Hausa ń pè ní "gora". Akèrègbè yìí ló ń gbé e léfòó bí omi bá jìn. Ó á fi àyà lé e, á máa fi ẹsẹ̀ tu omi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì ráyè fún àwọ̀n. Wọ́n ti dá ihò sórí rẹ̀, nítorí náà ó tún jẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí ẹja kékeré ń wọ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mú àwọ̀n dání, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń wá ẹja lábẹ́ omi.

Bí ìbọn bá ti dún, eré ìje ni láti orí ilẹ̀ gbígbẹ dé inú odò. Àwọn onílù wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lójú omi, àwọn kan sì ń mi akèrègbè tó kún fún kóró èso, tó ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí ẹja lè bẹ̀rù jáde síbi tí omi kò ti jìn. Ẹsẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á ru ẹrẹ̀ sókè. Omi á dàrú, atẹ́gùn inú rẹ̀ á dínkù, ẹja tó ti sápamọ́ sísàlẹ̀ á wá gbé imú sókè láti mí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti ká a mọ́.

Ẹja tí gbogbo wọn ń wá ni giwan ruwa. Erin omi ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì yẹ ẹ́, torí pé ó lè gùn tó mítà méjì. Apẹranjẹ ni, ó ń gbé àwọn ẹja mìíràn mì. Ẹni tó bá rí i mú lábẹ́ omi kò tíì ní i, nítorí ó lè gbé èèyàn lulẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ará àti ọ̀rẹ́ sì máa ń bá a wọ́ ọ jáde. Ní 2005, ẹja tó gbégbá orókè wọn kílógíráàmù 75, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ní 2020, èyí tó borí wọn kílógíráàmù 78. Apẹja láti ìjọba ìbílẹ̀ Augie, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Argungu, ló mú un. Míyọ̀nù mẹ́wàá náírà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì àti ìwé ìrìnnà èèyàn méjì sí Mẹ́kà ni wọ́n fún un.

Owó ńlá ni fún ẹni tó ń fi àwọ̀n jẹun. Ó tún yí ojú tí èèyàn fi ń wo ọdún náà padà díẹ̀. Nígbà tí kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nídìí rẹ̀, iyì láàrin àwọn apẹja ni ẹ̀bùn.

Àwọn eré mìíràn

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n máa ń lò, ọjọ́ ìkẹyìn sì ni ìdíje ẹja ńlá. Kabanci ni wọ́n ń pe àwọn eré inú omi tó ṣáájú rẹ̀: ìdíje ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ìlúwẹ̀ẹ́, ìmùwẹ̀ sábẹ́ omi, fífi ọwọ́ mú ẹja àti lílé pẹ́pẹ́yẹ igbó lójú omi. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n á tú pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀, àwọn ọkùnrin á sì máa lúwẹ̀ẹ́ lé e. Ẹyẹ náà á rì, á yọ lẹ́yìn wọn, á tún rì.

Lórí ilẹ̀, dambe àti kokawa wà níbẹ̀. Dambe ni ìjà ẹ̀ṣẹ́ ilẹ̀ Hausa, tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ àwọn alápatà. Ọwọ́ kan ni wọ́n ń fi aṣọ àti okùn dì le, wọ́n ń pè é ní ọ̀kọ̀, èkejì sì ni asà. Kokawa jọ gídígbò tiwa: ẹni tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀ ti pàdánù. Ní Niger, níkọjá ibodè, eré ìdárayá orílẹ̀-èdè ni kokawa jẹ́, idà ni wọ́n sì ń fún akọni ọdọọdún. Ọkùnrin ló ń wọ omi fún ìdíje. Àwọn obìnrin wà létí odò, orin àti ijó wọn ló ń kì í wọn láyà.

Dáàmù tó wà lókè odò

Ní 1978, ìjọba parí dáàmù Bakolori lórí odò Sokoto, níbi tó ti di ìpínlẹ̀ Zamfara báyìí. Dáàmù Goronyo, tó wà lórí odò Rima, tẹ̀lé e, wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1984. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ wọn kò burú: kí omi lè wà fún oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àkúnya sì dínkù. Ọ̀rọ̀ náà ti gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ní 1980, ọlọ́pàá pa àwọn àgbẹ̀ tó ń fi ẹ̀hónú hàn lórí ilẹ̀ wọn ní Bakolori.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò, bíi Argungu, rí ìṣòro mìíràn. Àkúnya tí dáàmù wá dín kù ló ń gbé ẹja wọ fadama lọ yé ẹyin. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nísàlẹ̀ Bakolori fi hàn pé omi kò kún fadama bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, oko ìrẹsì àti ẹja àwọn abúlé ibẹ̀ sì ti dínkù. Sarkin Ruwa lè ṣọ́ Matan Fada tọ̀sán-tòru. Bí omi tuntun kò bá wọlé pẹ̀lú ẹja tuntun, ìkòkò òfìfo ló ń ṣọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, omi á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, apá kan ya lára dáàmù Goronyo lẹ́yìn òjò ńlá, omi sì gbé ilé àti oko lọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 2020, ọdún tí ọdún ẹja padà dé, àkúnya ba oko ìrẹsì púpọ̀ jẹ́ káàkiri Kebbi. Àwọn àgbẹ̀ tó ti fi ìkórè sọ́kàn ló wá dúró lórí òkè tí wọ́n ń wo omi.

Ọdún mọ́kànlá láìsí ọdún

Kí 2020 tó dé, ọdún mọ́kànlá gbáko ni Argungu fi wà láìsí ọdún ẹja, nítorí àìsí ààbò lápá àríwá Nàìjíríà. Ẹ tún wo ọjọ́ tí UNESCO fi í sínú ìwé wọn, 2016: inú àkókò tí kò sẹ́ni tó ń ṣe é ni wọ́n fi í sí. Ọmọdé tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n dá a dúró ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tó padà. Gbogbo ọjọ́ orí tó yẹ kó fi máa tẹ̀lé bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ omi lọ́jọ́ ìdíje ti lọ. Fún ìmọ̀ tó jẹ́ pé ẹnu àti ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, àlàfo ńlá nìyẹn. Àwọn onílé ìtura, àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn tó ń hun àwọ̀n àti àwọn tó ń gbin akèrègbè náà pàdánù èrò.

Ní oṣù Kẹta 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá sí ìpadàbọ̀ ọdún náà. Kò pẹ́ sí i ni àrùn Kofi-19 sé gbogbo ayé mọ́lé, ìdádúró mìíràn sì tún dé. Ní oṣù Kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Birnin Yauri, ní ìpínlẹ̀ Kebbi kan náà, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n tún kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní ìlú Maga.

Láàrin méjèèjì, ewu náà sún mọ́ Argungu gan-an. Àwọn agbébọn kan tí wọ́n ń pè ní Lakurawa, tí wọ́n ń rìn káàkiri ibodè Niger, kọlu ìlú Mera ní oṣù Kọkànlá 2024. Wọ́n pa àwọn ará ìlú, wọ́n sì kó màlúù wọn lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Augie ni Mera wà, ibi tí apẹja tó mú ẹja kílógíráàmù 78 ti wá.